Márùn-ún Lé Lọ́gọ́rùn-ún

"Báńkì ti jẹ owó wa!"

Tíṣà fọwọ́ lu tábìlì débi pé agolo abẹ́rẹ́ fò sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kọ́tìnnì òtẹ́ẹ̀lì kan ló ń rán, ó sì ti mọ̀ pé kò ní parí rẹ̀ láàárọ̀ yìí mọ́.

"Èló ni wọ́n jẹ, Tíṣà?"

"Ọgọ́rùn-ún ó lé márùn-ún! Mo ti yọ owó tí wọ́n gé fún iṣẹ́ wọn. Mo ti ro ti ṣẹ́ẹ̀kì tá a kọ fún aláṣọ, tí kò tíì lọ gbà. Síbẹ̀, ìwé wa ṣì ju tiwọn lọ. Ọ̀gá, mò ń lọ bá wọn lónìí. Wọ́n máa mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò."

Ọ̀gá ló ń pe ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá di akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà. Ọdún mọ́kànlá rèé. Níparí oṣù, yóò fi ìwé ṣọ́ọ̀bù wé èyí tí báńkì fi ránṣẹ́, yóò fa ìlà méjì sábẹ́ iye tó bára mu, yóò sì máa yan kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ìyàwó a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó dùn mọ́ ọn bí ọjọ́ yẹn lóṣù.

Ìyàwó fa àga sún mọ́ ọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Báńkì náà lẹ́nu tiẹ̀.

"Ẹ máa ka tiwa, kí n máa wo tiwọn."

Tíṣà ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó fi ìka lé ìlà kìíní. "Ọjọ́ kẹrin, oníbúrẹ́dì, 380."

330 ni báńkì kọ. Ìyàwó wo rìsíìtì oníbúrẹ́dì: 330 ni. Ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa kà lọ.

"Ọjọ́ kẹsàn-án, òtẹ́ẹ̀lì, 1,085."

1,035 ni báńkì kọ. Tíṣà tó máa ń dá ìwé padà fún ọmọ iléèwé nítorí òǹkà tí kò hàn!

Fáànù fẹ́, ojú ìwé ṣí padà sí oṣù tó kọjá. Tíṣà kò mọ̀. Ìka rẹ̀ ń lọ geere lórí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀, ohùn rẹ̀ sì já gaara: "Ọjọ́ kẹrìnlá, ìyá alájà, 208." Àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó fọwọ́ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Tíṣà, oṣù tó kọjá lẹ fọwọ́ lé yìí."

Ìka náà dúró.

"330 ni oníbúrẹ́dì san," ó rọra wí. "1,035 ni òtẹ́ẹ̀lì. 203 ni ìyá alájà."

"Àádọ́ta," Tíṣà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àádọ́ta. Márùn-ún." Ó bọ́ awò sórí tábìlì. "Báńkì ò jẹ nǹkan kan. Ojú mi ló ń fi mẹ́ta ṣe mẹ́jọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó tó oṣù mẹ́rin."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Tí mo bá sọ, wàá gba ìwé lọ́wọ́ mi. Kí ni mo tún fẹ́ máa ṣe níbí, èmi tí mi ò mọ aṣọ rán?"

"Ṣé torí ìwé lẹ rò pé mo ṣe ń jẹ́ kẹ́ ẹ wà níbí ni?" Inú ń bí i, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Láti òní lọ, èmi á máa kà, ẹ̀yin á máa ṣírò. Àmọ́ dókítà ojú la kọ́kọ́ ń lọ."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Létí títì, Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, bó ti ń ṣe láti bí oṣù mélòó kan. Orí ìyàwó ti wú sí àṣà tuntun yìí. Ó tiẹ̀ ti fi yangàn fún onídìrí ìtòsí wọn pé ìfẹ́ òun ti ń pa ọkọ òun bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó yíjú wò ó. Tíṣà kò wo ọkọ̀ kankan. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń retí kí apá ìyàwó kọ́kọ́ sún kí òun tó gbé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ká máa lọ?"

Ọkọ̀ kan ṣì ń bọ̀. Ìyàwó fa ọkọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí èyí kọjá."