Kábéèjì Tí Aago Yí Kọjá

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ìròyìn náà dé. Mo ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sì dé e padà. Sijmen, àbúrò mi ọkùnrin, ti ṣubú sínú oko rẹ̀ tí omi yí ká. Kí dókítà tó tukọ̀ débẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́.

Gerbrand ọkọ mi gbọ́. Kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ àjèjì ni.

Mo mọ ohun tó ń wò. Sijmen ń gbin kábéèjì, Gerbrand sì ń rà á fún àwọn oníṣòwò ìlú ńlá. Ní gbọ̀ngàn ọjà wa, inú ọkọ̀ ojú omi ni àgbẹ̀ ti ń gbé ẹrù kọjá níwájú àwọn olùrà, bọ́tìnì sì wà lábẹ́ ìka olúkúlùkù wọn. A kì í fi owó lé owó. Abẹ́rẹ́ aago ńlá á bẹ̀rẹ̀ láti iye tó ga, á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì ló ra ẹrù náà ní iye tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí. Ẹni tó kánjú rà á wọ́n. Ẹni tó pẹ́, ẹlòmíràn á gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń ṣọ́ ara wọn títí abẹ́rẹ́ fi kọjá iye tó kéré jù, a ó ní ó ti yí kọjá, màlúù ni yóò sì jẹ ẹrù náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ikú rẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, Sijmen bi Gerbrand pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó bá mi mú tèmi lọ́la?”

“Fọkàn balẹ̀. Èmi ni màá mú un.”

Lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ̀ Sijmen ṣe wọlé, Meindert tó jókòó ti Gerbrand fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un: “Àbí nítorí àna rẹ ni ìka rẹ fi ń yún ọ? Sùúrù, ọ̀rẹ́, ó ṣì ń já bọ̀!” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Gerbrand náà rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kọjá.

Ó sọ fún Sijmen pé bọ́tìnì náà há.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a péjọ sínú ilé ìdáná Trijntje, opó àbúrò mi. Ó ń bu kọfí fún àwọn èèyàn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Gerbrand, ó dúró.

“Ọkọ mi ní bọ́tìnì yín ló há. Ṣé lóòótọ́ ni?”

Mo gbàdúrà nínú mi kí Gerbrand má parọ́, mo sì tún gbàdúrà kó parọ́.

“Kò há, Trijntje. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Mo ń dúró kó tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i ni.”

“Ó mọ̀. Ó ní ẹ máa ń fi eyín di ètè mú bí ẹ bá ń ṣọ́ aago, bẹ́ẹ̀ lẹ sì ṣe lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní kí n má sọ ọ́ fún yín.” Ó sọ ìkòkò kọfí kalẹ̀. “Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́. Mi ò ní ẹ̀yin lẹ pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò lè bu kọfí fún yín lónìí.”

Gerbrand dìde. Lẹ́nu ọ̀nà ó bèèrè pé, “Ta ni yóò gé èyí tó kù lóko?”

“Kò sí ẹnì kankan.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ Sijmen lọ sí oko, mo sì bá a lọ. Ìrì tutù lórí ewé. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣòkòtò tó fi lọ sìnkú, ó gé kábéèjì kan, ó fi apá ẹ̀wù nu ìdí rẹ̀, ó sì fi ewé ìta méjì sílẹ̀ lára rẹ̀ kó má baà dápàá, bí Sijmen ti máa ń ṣe. Ó tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.