Omi Lórí Irin Gbígbóná

"Wọ́n ní ó ti já..."

"Kí ló já?"

"Erin ni. Lókè lọ́hùn-ún... èmi náà ṣáà gbọ́ ni o..."

"Ẹni tó gùn ún ńkọ́?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn."

Ẹni tó ń bọ̀ náà ni ọmọbìnrin wẹ́dà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n. Garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ pọn omi. Àwọn obìnrin méjèèjì tó wà nídìí ẹ̀rọ omi ká ọ̀rọ̀ nílẹ̀ wéré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ garawa tí kò dọ̀tí. Ọ̀kan ní, "Ẹ káàsán o, àǹtí wẹ́dà," ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ohùn rírọ̀ yẹn ló kó jìnnìjìnnì bá a. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì í láti la ẹnu níwájú èèyàn. Ó gbé garawa náà kalẹ̀, ó yí padà, nígbà tó sì dé ìkóríta, ó rí i pé òun ti ń sáré.

Erin tí wọ́n ń wí kì í ṣe ẹranko. Alùpùpù bàbá rẹ̀ ni, èyí tí bàbá náà rà kí wọ́n tó bí i. Alùpùpù ńlá ayé àtijọ́ ni, tí wọ́n ṣe fún títì ọlọ́dà tó tẹ́jú. Ó wúwo débi pé bó bá dùbúlẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e dìde. Láti ìgbà tí bàbá náà ti ṣaláìsí, abẹ́ aṣọ ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí di ìgbà tí àgbàrá gbé afárá lọ, tí àwọn tó ń gbé lẹ́yìn òkè olókùúta kò rí oògùn gbà mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá ilé ìwòsàn gbé oògùn kiri. Alùpùpù kéékèèké tó fi gbìyànjú kò lè fa àpótí oògùn méjì àti yìnyín gun òkè náà. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti ń kú mọ́ ọn lábẹ́. Ló bá ṣí aṣọ lórí Erin.

Fọganáísà tó ń lẹ táyà ní ojú títì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, erin lẹ fẹ́ kọ́ ní igi gígun?"

Ẹ̀gbọ́n náà dá a lóhùn pé, "Erin tí kò bá lè gun igi, á wó igi náà lulẹ̀, á sì gba orí rẹ̀ kọjá."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tú mọ́gádì iwájú àti tẹ̀yìn. Wọ́n gbé sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde kúrò nísàlẹ̀ wá sókè, kí òkúta má baà gbá a ya. Wọ́n gé àwo irin nípọn sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi táyà tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun rọ́pò èyí tó jọ̀lọ̀, wọ́n sì fi irin eléyín tó tóbi sẹ́yìn kí ó lè máa fa òkè díẹ̀díẹ̀. Èyí tó le jù ni fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú. Èyí tó gùn tí wọ́n rí kò wọ ọrùn Erin. Wọ́n ní láti gé ọrùn fírémù náà, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n sì fi iná jó o pọ̀ padà. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ìwúwo ń dà sí nígbàkúùgbà tí táyà iwájú bá já sí kòtò.

Bàbá Wẹ́dà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí wọ́n ń jó o. Ojú rẹ̀ kò gba iná mọ́, etí ló fi ń wo iṣẹ́. Bí iná bá dún bí ẹyin tó ń dín, á mi orí. Kó tó lọ sílé, ó ní, "Irin àgbà, bí àgbà ló rí. A kì í da omi tútù lé e lórí lójijì, kó má baà là. Bí o bá jó o tán, fi aṣọ bò ó, kí o fi í sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ tutù."

Ọmọbìnrin náà jó o tán. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wọlé lọ mú aṣọ. Kó tó padà jáde, ó gbọ́ "ṣààà!", ó sì rí ooru omi tó ń rú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti Erin pẹ̀lú ike òfìfo lọ́wọ́.

"Ó ti tutù," ló wí. "Àwọn èèyàn ń retí oògùn. Gbé fọ́ọ̀kì wá."

Ó yẹ kí ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n gé e, kí àwọn tún un jó. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó há síbẹ̀. Ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, tó ń ṣe ohun rere, báwo ló ṣe fẹ́ wí fún un pé omi ike kan ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́? Ó wo ilẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀kì wá.

Ọjọ́ kẹta rèé. Ní àfẹ̀mọ́jú òní ni ẹ̀gbọ́n náà ta Erin sọjí, tí ìyá wọn gbọ́wọ́ lé e lórí, tó sì lọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Wẹ́dà, èémí kò jẹ́ kó kí i.

"Bàbá, wọ́n ní ó ti já."

"Ohun tí o jó níṣojú etí mi? Kò lè já."

"Wọ́n da omi sí i."

Bàbá gbé orí sókè. "Ta ni?"

"Bọ̀dá mi."

"O rí i?"

"Mo rí wọn."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́, sà."

Ó ń retí kí bàbá ní kò sí nǹkan, kí ó fọkàn balẹ̀. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ìyẹn gan-an ló fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. "Mú mi dání," ni bàbá wí. "Ọ̀rọ̀ tó wá láìlórí, ẹ jẹ́ ká lọ wá orí rẹ̀."

Àwọn obìnrin ìdí omi ní ẹnu fọganáísà ni àwọn ti gbọ́. Fọganáísà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

"Èmi? 'Ó ti já' ni mo wí, n ò ní 'ó kú' o! Ìyá tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn ló ń kọjá tó ń pariwo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà ń ké. 'Erin ti já' ni mo gbọ́, ẹ̀rọ gbé ìyókù mì."

"Ìyókù wà?" ni bàbá béèrè.

"Ẹnu ìyá náà ṣì ń mì, Bàbá."

Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni wọ́n gbà kọjá. Ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí, ó ń ká aṣọ. "Ibo lo ń mú Bàbá lọ nínú oòrùn yìí?"

"Ibí yìí náà ni, Mọ́mì."

Ìyá wò ó. Aṣọ tó ká tán, ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Fóònù kì í mú lẹ́yìn òkè. Rédíò ilé ìwòsàn nìkan ló ń dé ibẹ̀, ọkùnrin tó sì jókòó tì í ni wọ́n ń pè ní Bó-Ṣe-Wí, torí pé kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í yọ níbẹ̀. Bí o bá wúkọ́ nínú iṣẹ́ tí o rán an, á bá ọ wú u. Bàbá Wẹ́dà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọ̀pá tì í lẹ́yìn. "Ìwọ ni kí o béèrè."

Ó sún mọ́ tábìlì rédíò. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Erin... kí ni wọ́n sọ gan-an?"

Bó-Ṣe-Wí ṣí ìwé rẹ̀. "Aago mẹ́wàá àbọ̀, nọ́ọ̀sì lẹ́yìn òkè. 'Erin ti já sí ọ̀dọ̀ wa, oògùn pé.'"

Já sí ọ̀dọ̀ wọn. Ó di tábìlì mú. Ó ti gòkè, ó ti sọ̀ sí òdìkejì, ó wà láàyè.

"Kò tán," ni Bó-Ṣe-Wí wí. "Mo ti rán ìyá agbálẹ̀ sí ọ, àṣé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní: 'Ẹ bi àbúrò mi: ìlà tín-ín-rín kan wà lọ́rùn Erin, bí irun orí. Ṣé kí n gùn ún bọ̀, àbí kí n fi í sílẹ̀? Bó bá ṣe wí ni màá ṣe. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan títí aago méjì, màá máa bọ̀.'"

Aago ara ògiri ti kọjá aago méjì pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́rin.

"Ẹ pè wọ́n!" Kò mọ̀ pé òun ló kígbe. "Ẹ pè wọ́n, sà!"

Rédíò hó, ó dákẹ́. Ó tún hó. Ohùn nọ́ọ̀sì kan wọlé látọ̀nà jíjìn pé ẹ̀gbọ́n náà ti ń dé akoto, pé kí wọ́n yára. Bó-Ṣe-Wí wo ọmọbìnrin náà. "Kí ni kí n wí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jáde, pẹ̀lú ẹkún àti kíkólòlò. Bó-Ṣe-Wí tẹ rédíò, ó sì wí i bó ṣe gbọ́ ọ, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀:

"Àbúrò rẹ̀ ní: 'Ẹ má... ẹ má gùn ún. Bọ̀dá mi, ẹ má gùn ún. Mo rí omi tí ẹ dà sí i, mo dákẹ́, ojú ló tì mí. Á já. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé.'"