Èyí Tó Ṣáájú Ìkẹyìn

Eladio na ọwọ́, ó mú kroketa, oúnjẹ díndín bí àkàrà kékeré, kan ṣoṣo tó kù lórí àwo, ó sì jù ú sẹ́nu. Èmi àti Marcial wá ń wo ara wa. Ní Zaragoza wa níbí, nílẹ̀ Sípéènì, kò sẹ́ni tó ń jẹ ọ̀kan tó bá kù nínú oúnjẹ àjọjẹ. "Ti ìtìjú" là ń pè é. A ó máa wò ó títí yóò fi tutù, Visi tó ni ilé oúnjẹ yóò wá gbé àwo kúrò, òun ni yóò sì jẹ ẹ́ ní kíṣìnnì. Láti ìgbà tí a ti ń jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Eladio kò fọwọ́ kan èyí tó kù rí.

"Ṣé o ò jẹun láàárọ̀ ni?" Marcial bi í.

"Mo jẹun."

"Kí ló wá dé?"

"Kí ló dé sí kí ni?" Eladio ń nu ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Inú bí mi díẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ máa dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìdí tábìlì yìí nìkan ni mo ti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Marcial á ráhùn nípa orúnkún rẹ̀, Eladio á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi á bá àwọn méjèèjì wí. Ohun tó ń gbé mi dé ọjọ́ Ẹtì mìíràn nìyẹn.

Àfi bí Eladio ṣe nawọ́ sókè. "Visi, jọ̀ọ́, bu wáìnì wá. Ká mu ìkẹyìn."

Visi dúró gbagidi pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde lẹ́nu wa. Ẹni tó bá fẹ́ mu ife kan sí i kó tó lọlé, "èyí tó ṣáájú ìkẹyìn" ló máa bèèrè, kódà bó ti yó débi pé kò lè dìde mọ́. Ìkẹyìn, ti ẹni tó ń kú lọ ni.

"Kí lo pè é?" Visi bèèrè.

"Ìkẹyìn."

"Kò sí ìyẹn nílé mi. Lọ wá a lọ sí ọsibítù."

Ọsibítù kẹ̀! Àbí àìsàn ló ń ṣe é? Ṣùgbọ́n ta ni àìsàn ń ṣe tó ń gbé kroketa mì bẹ́ẹ̀? Marcial tẹ̀ mọ́ etí mi, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ti jẹ tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá ti lówó kì í tijú mọ́."

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Àbí ó fẹ́ gbé ìyàwó?"

Orí mi túbọ̀ dàrú.

"Eladio," mo ní, "kí ni dókítà sọ?"

"Dókítà wo?"

"Má fi mí ṣeré o! Ṣé o ń kú lọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Ara mi le koko." Ó wá ń wo àwo tó ṣófo. "Leire ọmọ mi ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Vigo, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè lọ́hùn-ún. Ọ̀túnla ni mò ń lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo rò pé tí mo bá ti lè pe ìkẹyìn, ó máa yé yín, mi ò ní í ṣàlàyé."

"Kò yé wa!" mo pariwo mọ́ ọn.

"Kroketa yẹn ńkọ́?" Marcial bi í.

"Ìyẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí jẹ."

Marcial bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n gbá a létí. Ẹni tí mo ti ń sunkún rẹ̀ nínú kò kú, síbẹ̀ kò ní í sí ní ìdí tábìlì yìí mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dúpẹ́. Omi dà lójú mi, inú sì bí mi sí omi náà.

Visi bu wáìnì fún wa, ṣùgbọ́n ó di ife Eladio mú.

"Pè é dáadáa kí n tó fún ẹ."

Èmi ni Eladio ń wò, kì í ṣe Visi.

"Èyí tó ṣáájú ìkẹyìn," ó ní. Visi wá fi ife rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

A jọ mu ún. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ, pé a ṣì máa jọ mu òmíràn.