Ọbẹ̀ Tí Abiyamọ Kọ́kọ́ Ń Jẹ

Ohun gbogbo tí nọ́ọ̀sì erékùṣù tí Geum-rye ń gbé ní kó jẹ kó lè lóyún ló ti jẹ. Ó jẹ ẹ̀wà sóyà títí ó fi sú u, ó jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegun-teegun, ó jẹ ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì tí wọn kò bó. Ó pa kọfí tì, bẹ́ẹ̀ kọfí nìkan ni fàájì tó ní. Ọkọ rẹ̀ náà jáwọ́ nínú ọtí, ó wá ń kanra bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, pàbó ló ń já sí. Nǹkan oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀, ogójì ọdún sì ti ń kan ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ìwọ yìí, ò ń jẹ ewé bí ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì ń bímọ jù ọ́ lọ! Láyé tiwa, ọbẹ̀ abiyamọ là ń jí jẹ. Ọbẹ̀ ewé òkun tó máa kọ́kọ́ kàn án lẹ́nu lẹ́yìn tó bá bímọ, ẹni tó bá jí i jẹ á lóyún. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́bẹ̀ má mọ̀ o. Bó bá ti mọ̀, o kàn yó lásán ni."

Geum-rye fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí Bun-im, àbúrò rẹ̀ obìnrin, bí ọmọ kẹta.

Ìyá wọn ti kú, nítorí náà òun ẹ̀gbọ́n ló lọ se ọbẹ̀. Ó fi òróró yánmọtí yí ewé òkun náà nínú ìkòkò, ó da omi sí i, ó jẹ́ kó hó dáadáa. Ó bu ọbẹ̀ àti ìrẹsì, ó gbé e síwájú ojúbọ Ìyá Àgbà, òrìṣà tí ń fúnni lọ́mọ, ní igun yàrá, torí òun ni wọ́n ń gbé e fún kí abiyamọ tó jẹ ẹ́. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra èkejì, ó bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tó kan bíbẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, ó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e wá o," Bun-im wí láti orí ẹní. "Inú mi ṣófo bí àgbá. Ọmọ yín yìí ti kó gbogbo ẹ̀ jáde."

"Ó ṣì gbóná. Sùn díẹ̀ ná, alájẹkì."

Bun-im rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Geum-rye gbé àwo náà. Ó mọ̀ pé ìwà tí òun fẹ́ hù burú. Ta ní í jí oúnjẹ mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́wọ́? Àìrọ́mọbí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó ń bu ọbẹ̀ gbígbóná sẹ́nu, ó ń gbé e mì káló-káló, ahọ́n rẹ̀ ń bó, omijé ń kán sínú àwo.

Ọmọ tuntun náà ké. Ó ké, ó ké, ó ń fẹsẹ̀ ta aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Bun-im kò mira. Oorun wo ni abiyamọ ń sùn tí ọmọ rẹ̀ ń ké báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Geum-rye bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó ń hanrun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ tó dì pinpin ń gbọ̀n, omijé sì ti rin ìrọ̀rí.

Ó mọ̀. Bun-im ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá yọ̀ǹda fúnni kì í ṣe ohun tí a jí. Àánú àbúrò rẹ̀ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, Geum-rye kò sì lè bínú sí i. Ó fẹ́ gbé àwo náà sílẹ̀. Ọmọ ń ké, Bun-im ń hanrun.

Geum-rye tún ki ṣíbí bọ ọbẹ̀. Ó sáré jẹ ẹ́ tán, kí àbúrò rẹ̀ lè rí àyè jí, kó gbé ọmọ rẹ̀.