Ọrùn Gìtá Tíṣà Dúpẹ́

"Ó tún ti ya," ni Gàníyù káfíńtà wí. Ó gbé gìtá náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ aláìsàn sílẹ̀. "Ẹ wò ó, Tíṣà. Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tú o. Igi fúnra rẹ̀ ló ya."

Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí ó ń nàka sí. Pákó pẹlẹbẹ tó bo ikùn gìtá náà ti wú bí gàrí tó mumi. Ibi tí wọ́n ń so wáyà mọ́ ti fà tu, ó sì ti gbé díẹ̀ lára pákó náà dání. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀.

"Ẹ tún un lẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un lẹ̀. Bí ó bá gba ìṣó, ẹ kan ìṣó mọ́ ọn."

"Ìṣó kẹ̀?" Gàníyù mi orí. "Bí ẹ bá fa wáyà le, ìṣó yẹn á fò jáde, ojú yín ló sì máa wá. Òjò ti ba igi yìí jẹ́ dénú. Ó ti rà. Ẹ lọ ra òmíràn."

Ẹ lọ ra òmíràn. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn, bí ẹni pé iṣu ni, tí èèyàn á kàn yà lọ́jà, tí á sì mú èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìjì tó ká páànù mẹ́ta lórí ilé wọn lọ́nà Ilé-Ogbó ló fa wàhálà náà. Òun àti Olútáyọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ sìnkú àǹtí Olútáyọ̀ ní Olúpọ̀nnà, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó dé, omi ti kán sórí gìtá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù títí ó fi mu yó. Aṣọ gbẹ, bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Gìtá nìkan ni kò bọ̀ sípò.

Tóbísà ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lórí, ilẹ̀ Jàpáàn ni wọ́n sì ti ṣe é. Ọdún méjìlá ni Dúpẹ́ ti ń ta á. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní Ìyàwó Tóbísà, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá gbé gìtá mìíràn fún un, ẹ̀rín ni yóò kàn rín, yóò sì dá a padà. Wọ́n rò pé fáàrí ni. Wọ́n ní bí àwọn bàbá kan ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n á láwọn ò lè gun kẹ̀kẹ́ mìíràn àyàfi Ráléè.

Kì í ṣe fáàrí. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, àdá gé e ní ìka òrùka ọwọ́ òsì níbi tí wọ́n ti ń ro oko ilé-ìwé. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìka náà kò ká mọ́. Olùkọ́ orin wọn wo ọwọ́ náà, ó ní, "Máa fi ẹnu kọrin ní tìrẹ. Gìtá kò wà fún irú ọwọ́ yìí." Gìtá mẹ́ta ni Dúpẹ́ gbìyànjú lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já a kulẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé Tóbísà ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi lè gba ẹ̀yìn yọ sókè, kó tẹ wáyà tó nípọn jù, kó sì ṣe iṣẹ́ tí ìka tó ti kú kò lè ṣe. Bó ṣe kọ́ gìtá nìyẹn. Nígbà tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, Gbági ní Ìbàdàn ló gbà lọ, ó sì ra tirẹ̀. Kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wo ọwọ́ rẹ̀ á kàn rò pé bí ó ṣe wù ú láti máa ta á nìyẹn. Olútáyọ̀ pàápàá mọ̀ pé ìka náà kì í ká, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó kan gìtá.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Dúpẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ra Tóbísà lọ́jọ́sí ti di ibi tí wọ́n ń ta bàtà. Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Ní èyí tó kẹ́yìn, ọkùnrin tó ń tajà wò ó tìyanu-tìyanu.

"Tóbísà? Mádàámù, ẹ ò gbọ́ pé kò sí láísẹ́ńsì tí wọ́n fi ń kó o wọlé láti òkè òkun mọ́ ni? Ó di ọdún kẹta báyìí tí a ti rí i kẹ́yìn. Ẹ gba èyí, ó dáa gan-an."

Dúpẹ́ gbà á. Ó gbìyànjú. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò dé ibi kankan.

Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n ta ni?"

Ìbínú kò jẹ́ kó lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí ìdíje orin àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wáyé ní Ìbàdàn. Ogójì ọmọ ló ti kọ́ ní orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, orin nípa ọ̀nà oko láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Gìtá ni orin náà gùn rìn. Láìsí gìtá, ńṣe ni ohùn àwọn ọmọ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀, bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bí wọ́n ṣe ń parí àdúrà àárọ̀ nílé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, ọ̀gá àgbà, pe Dúpẹ́ síwájú gbogbo ọmọ. Alájì Yẹ̀kínì Ọládépò tó ń ra kòkó nílùú jókòó sórí àga níbẹ̀, agbádá funfun balau lọ́rùn rẹ̀, àpótí gìtá tuntun kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Alájì gbọ́ pé gìtá wa bàjẹ́," ọ̀gá àgbà wí. "Wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Ilé-ìwé hó. Dúpẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o, Alájì. Ọlọ́run á bá wa dá a padà ní ìlọ́po-ìlọ́po." Ó ṣí àpótí. Gìtá náà ń dán bí ojú omi, ó sì tóbi. Wọ́n ti kan pátákó onídẹ kékeré mọ́ ikùn rẹ̀, orúkọ Alájì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Dúpẹ́ di ọrùn rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó nípọn bí ọmọ odó.

"Ẹ ta á ká gbọ́!" Alájì wí.

"Wáyà rẹ̀ ò tíì bára mu, sà," Dúpẹ́ wí. Irọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ó ń bá gìtá náà jìjàkadì. Ó sún un sókè, ó sún un wálẹ̀. Ó yí ọwọ́ títí ọrùn ọwọ́ fi ń ta á. Bí ó bá rí ohùn kan mú, èkejì á bọ́. Wáyà tó yẹ kó dún á kàn sọ gbì, bí ẹni lu páálí.

"Ìyá Kòfó, gìtá tuntun rèé," Olútáyọ̀ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ó rí i tó ju gìtá náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Akọ̀wé báńkì ni, kì í fẹ́ràn ariwo. "Gìtá ọ̀fẹ́, tó ń dán. Kí ló tún kù?"

"Kì í ṣe Tóbísà, Bàbá Kòfó."

"Orúkọ lásán lo fẹ́ràn. Bí mo bá bá ọ kọ Tóbísà sí i lórí ńkọ́?"

Dúpẹ́ fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó rántí ojú tí olùkọ́ orin fi wo ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí, ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ó sì lọ gbé omi ọbẹ̀ kaná.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì gééré sí ìdíje nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá wá gbọ́ orin náà. Kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán. Ó pe Dúpẹ́ sí ọ́fíìsì.

"Mísíìsì, kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"A ṣì ń tún un ṣe, sà."

"Orin tí àwọn ọmọ yìí ń kọ geere ṣáájú Àjíǹde? Èèyàn ńlá ṣoore fún wa, ẹ wá ń fi ojú tín-ín-rín wo oore rẹ̀ torí pé kì í ṣe irú èyí tí ẹ fẹ́. Ṣé ìgbéraga kọ́ nìyẹn?"

"Kì í ṣe ìgbéraga, sà."

"Kí wá ni?"

Dúpẹ́ fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀. "Bí mi ò bá gbọ́ orin tó ṣeé gbọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, mo máa kọ̀wé sí Ìbàdàn pé a ò wá mọ́."

Ọ̀dọ̀ Gàníyù ni Dúpẹ́ gbà lọ tààrà, òun àti gìtá tuntun. Tóbísà ṣì wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Inú ń bí i débi pé kò kí káfíńtà náà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi fá ọrùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí bíi ti Tóbísà."

Gàníyù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé méjèèjì síra, ó fi okùn wọn ọrùn wọn, ó tún un wọ̀n. "Ó ṣeé ṣe. Irin wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n igi pọ̀ lẹ́yìn irin." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára pátákó onídẹ. Ó ká ọwọ́ kúrò. "Háà. Ti Alájì Ọládépò? Tíṣà, mi ò fọwọ́ kàn án. Àwọn ló ń gbé iṣẹ́ àga fún mi. Ẹ gba àṣẹ wá."

"Wọ́n ti fún ilé-ìwé!"

"Ẹ gba àṣẹ wá."

Lẹ́yìn ìrun alásàrí, Dúpẹ́ wà ní pálọ̀ Alájì, lórí ìkúnlẹ̀. Alájì ń fi tẹ̀súbáà ka orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó kà á tán, ó wo gìtá náà.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ fá ọrùn rẹ̀ ni."

"O fẹ́ ṣe kí ni?"

Dúpẹ́ ò mọ bí ó ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí, nítorí náà ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ká ìka mẹ́rin. Ìka òrùka dúró gbọin láàárín wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀: àdá, olùkọ́ orin, àtàǹpàkò, Tóbísà. Ó gbé gìtá náà lé ẹsẹ̀, ó ta á, bó ṣe ń dún gan-an, gbì, gbì, kí Alájì lè fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Alájì kó tẹ̀súbáà jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Inú rẹ̀ kò dùn, ó hàn lójú rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo gbé e wá, o mọ̀?"

"Mo mọ̀ látìgbà tí mo ti dì í mú, sà."

"O sì kúnlẹ̀, o ń ṣàdúrà fún mi."

"Gbogbo èèyàn ló ń pàtẹ́wọ́, Alájì. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Ǹ bá ti dá a padà lọ́jọ́ kejì! Ní báyìí, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?" Ó fi tẹ̀súbáà lu orúnkún. "Orúkọ mi tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?"

"Ikùn ló wà, sà. Kò sí lọ́rùn."

Alájì wò ó bí ẹni tó fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yí ojú sí ibòmíràn kí ẹ̀rín náà má baà hàn. "Máa gbé e lọ. Má jẹ́ kí n fojú kàn án títí á fi dún bí gìtá."

Ọ̀sán Sátidé ni Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí fá a. Ó fi ìfági fá a díẹ̀, Dúpẹ́ gbé e, ó wọ̀n ọ́n mọ́ ọwọ́, ó dá a padà. Ó tún fá a. Fáníìṣì tó ń dán bó, igi funfun yọ. Dúpẹ́ ń wo gìtá ọlọ́lá tó ń dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n fá irun rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Nígbà kẹfà tó gbé e, àtàǹpàkò rẹ̀ gba ẹ̀yìn yọ, ó sì tẹ wáyà. Ó ta á. Ohùn náà jáde. Kò dà bíi ti Tóbísà. Ó wúwo jù, ó sì ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ó tún un ta.

"Ó ku díẹ̀," Gàníyù wí, ó ń wo okùn tó fi wọn Tóbísà. "Ẹ gbé e wá, kó bá ti ìjọ́sí dọ́gba."

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò tíì dọ́gba o."

"Ó tó, Bọ̀dá Gàníyù. Bí ẹ bá fá a jù, ohùn tó ní yìí náà á lọ."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ti tò sí kíláàsì nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá wọlé. Bí ojú rẹ̀ ṣe dé ọrùn gìtá tó funfun, tí kò ní fáníìṣì, ó dúró sójú kan.

"Kí lẹ fi gìtá Alájì ṣe?"

"Mo ní kí wọ́n fá a ni, sà. Alájì mọ̀ sí i."

"Nítorí kí ni?"

Ogójì ọmọ ń wò ó. Dúpẹ́ gbé ọwọ́ òsì sókè níwájú gbogbo wọn, ó ká a.

"Ìka yìí kì í ká, sà. Àdá ló gé e, kí n tó di tíṣà."

Ọ̀gá àgbà fa bẹ́ǹṣì kan tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ó sì jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Dúpẹ́ kọjú sí àwọn ọmọ. Ó fi àtàǹpàkò gba ẹ̀yìn ọrùn gìtá náà, ó sì ka ìbẹ̀rẹ̀ orin náà sókè fún wọn: ọ̀kan, méjì.