Orúkọ Tí Àlùfáà Fagi Lé

Odindi ojú ìwé kan ni Sverre fún òkú. Lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ni Dagny, àbúrò rẹ̀, ti ka ìwé ìdílé tí ó ń kọ náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ nípa Dagny fúnra rẹ̀: ọjọ́ ìbí, ọkọ tó fẹ́, iye ọmọ tó bí.

"Ọmọ ọdún méjì," ló wí. "Kí ló rí ṣe láyé tó fi gba gbogbo àyè yìí?"

"Ó máa ń kọrin fún àwọn àgùntàn," ni Sverre dáhùn. "Ìwọ ò kọrin fún wọn rí."

"Èmi ni mo ń bọ́ wọn. Orin ò yó àgùntàn."

Dagny ni òkú náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú kí wọ́n tó bí i, ń jẹ́ pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn ní Norway nígbà náà nìyẹn: bí ọmọbìnrin bá kú, èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e ló ń gba orúkọ rẹ̀, kí orúkọ má bàa parẹ́ nílé. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi nígbà èwe rẹ̀ ni Dagny ń rí orúkọ ara rẹ̀ lára òkúta ibojì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá wọn yóò kúnlẹ̀, tí yóò fi etí ìborí rẹ̀ nu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó mọ bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe ń lọ jẹ́jẹ́ lórí òkúta náà. Kò rántí ọjọ́ tó lọ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí irun òun. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí, ìyá ti kú tipẹ́, owú náà kò kú.

Orúnkún Sverre kò gbé e mọ́, nítorí náà Dagny ló wọkọ̀ lọ sí ìlú Bergen láti wo àwọn ìwé àtijọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí ọjọ́ ìrìbọmi àti ọjọ́ ìsìnkú lè pé nínú ìwé ìdílé. Wọ́n ti ya àwòrán àwọn ojú ìwé náà sórí fíìmù. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fíìmù náà, ó ń yí i. Ikú ló kọ́kọ́ rí: Dagny, ọmọ ọdún méjì, ikọ́ ló pa á, oṣù Kejì ọdún 1919. Ó dà á kọ, kò fi lẹ́tà kan kún un.

Ó yí i dé ọdún 1921. Ó rí orúkọ bàbá àti ti ìyá, ó rí ọjọ́ ìbí òun. Níbi tó yẹ kí orúkọ òun wà, *Ragna* ni àlùfáà kọ. Ó fagi lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá kọ *Dagny* sókè rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké.

Dagny pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì fi béèrè bóyá fíìmù rẹ̀ há.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó fi bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Sverre, ta ni Ragna?"

Sverre gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Àlùfáà ni. Ó ti kú, àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dáa."

Sverre yíjú sí fèrèsé. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ. Ragna ni Màmá pè ọ́ fún àlùfáà. Ó ní ọmọ tuntun ni, kó ní orúkọ tuntun. Ni mo bá dìde láàárín ìjọ, mo ń ké pé Dagny ni, Dagny ni! Mi ò dákẹ́. Bàbá ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Dagny, kí ìtìjú yìí lè tán. Mo rò pé tí wọ́n bá ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀, Dagny tó kú náà ló máa padà wá."

"Ìwọ lo ṣe é."

"Èmi ni. Màmá ní kí n má sọ fún ọ."

"O sì gbọ́ràn! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ tí o gbọ́ràn, orí èmi ló já lé!"

Dagny jókòó. Látìgbà tó ti mọ̀wé kà ló ti ń bá ìyá rẹ̀ bínú nínú ọkàn, pé ó rí òun, orúkọ òkú ló fi pe òun. Ìyá sì ti jókòó níbì kan, pẹ̀lú oyún nínú, ó ti ronú orúkọ fún un.

Sverre fa bébà tuntun sọ́dọ̀. "Màá tún un kọ. Odindi ojú ìwé, Ragna, gàdàgbà lókè."

"O ò ní kọ ọ́."

"Àbí kí ló ń ṣe ọ́? Nítorí ojú ìwé lo ṣe ń jowú látọjọ́ yìí!"

"Kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ wá máa fi orúkọ náà sọ ọmọ wọn? Rárá o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń bá ẹlòmíràn pín Dagny. Èyí tí Màmá fẹnu ara rẹ̀ pè mí, tèmi nìkan ni."

Ó fa bébà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e.