Wọ́ọ̀dù Phibsborough Ò Gbọdọ̀ Parẹ́

Ikram ló ya máàpù náà, ohun tó sì dun Dísù jù nìyẹn. Ká ní ọ̀tá ló fi bírò pupa fagi lé Phibsborough ni, Dísù ì bá mọ èébú tí yóò dà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí inú ẹni ni, ọmọ tí Dísù fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán lọ sí yunifásítì, títí ó fi di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa yàwòrán ilé àti òpópónà.

"Ah Daddy, it's only a map, like," ni Ikram wí lórí fóònù. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa o, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ti di ti àwọn ọmọ Dublin. "The committee asked me. You'll be grand."

"Grand kẹ̀?" Dísù fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù mọ́lẹ̀. "O pa wọ́ọ̀dù baba ẹ rẹ́, o wá ní kò séwu, mo máa grand?"

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Dublin, ní wọ́ọ̀dù mẹ́ta: Phibsborough, Clondalkin àti Balbriggan. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀ kan, àwọn kánsẹ́lọ̀ yìí ló sì ń pinnu ohun gbogbo, láti orí gbọ̀ngàn tí wọn yóò háyà fún Iléyá títí dé orí ilé kéwú àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Phibsborough ló kún jù. Àfi bí owó ṣe dé sí Ireland. Ilé titun ń jáde lójoojúmọ́, iṣẹ́ ń wá ènìyàn kiri dípò kí ènìyàn máa wá iṣẹ́, àwọn ará Phibsborough sì ń di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba Balbriggan létí òkun lọ, níbi tí ọmọdé ti lè rí àgbàlá sáré. Nígbà tó fi máa di ọdún 2006, ilé kéwú Balbriggan kò gba èrò mọ́. Ní Phibsborough, ó ku Dísù, ó ku Hùmúàní ìyàwó rẹ̀, ó ku àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí wọn kì í pẹ́ kó jáde. Síbẹ̀, ohùn kan náà ni wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní. Àwọn ará Balbriggan wá ní ó tó gẹ́ẹ́: kí wọ́n pa Phibsborough pọ̀ mọ́ Clondalkin, kí wọ́n sì pín Balbriggan sí méjì.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò ní wọ́n jàre. Dísù náà mọ ìṣirò. Télọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n, aṣọ aláṣọ ni yóò máa bà jẹ́ kiri. Lóòótọ́, òun ni kánsẹ́lọ̀ Phibsborough láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga yẹn ló ń dùn ún. Bí wọ́n bá pa orúkọ Phibsborough rẹ́ nínú ẹgbẹ́, ta ni yóò tún gbà pé ìgbà kan wà tí ibẹ̀ jẹ́ ilé gbogbo wọn?

Nítorí ilé ni lóòótọ́. Ọdún 1996 ni Dísù dé, ó sì rí yàrá kan gbà lókè ṣọ́ọ̀bù alápatà kan. Mátíràsì méjì ló wà níbẹ̀, ẹni mẹ́fà ló ń pín wọn sùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru á sùn lọ́sàn-án, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán á sùn lóru, mátíràsì kò sì ráyè tutù. Láńrewájú, tó ti wá di olórí àwọn ará Balbriggan báyìí, tó ń wa ọkọ̀ tó ń kọ mọ̀nà, ìdí ògiri ni wọ́n máa ń tì í sí nítorí pé ó máa ń ta ẹsẹ̀ lójú oorun. Mítà iná tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, owó ẹyọ ló ń jẹ. Bí kò bá ti rí jẹ, iná á kú pátápátá, ẹ̀wà á dúró láìjinná, gbogbo wọn á máa tú àpò ara wọn nínú òkùnkùn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ayé wọn ti dára.

Inú òtútù ni ààwẹ̀ ń bọ́ sí nígbà náà. Oòrùn á ti wọ̀ kí ènìyàn tó rántí pé ó yẹ kí ebi máa pa òun, Láńrewájú á sì ní Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn ò tíì ríṣẹ́ gidi ló ṣe dín in kù fún àwọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n din ata nínú yàrá náà, Missis Brennan, ìyá arúgbó òyìnbó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, gun àtẹ̀gùn wá, ó ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ta ni wọ́n ń pa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwo ló ń gbé wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Hùmúàní mú Ikram, tó ti di ọ̀dọ́langba, wá bá Dísù láti ilé, Dísù sì gba yàrá kejì fún wọn. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dé sí Dublin nígbà yẹn, tó gbé báàgì dání tí kò mọ ibi tí yóò forí lé, tí wọn kò ní sọ fún pé, "Lọ bi Dísù ní Phibsborough." Ìyà wà níbẹ̀ o, kí á má parọ́. Ó sì dùn, ó dùn débi pé bí Dísù bá rántí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó máa ń gbàgbé sípù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alápatà ti fẹ̀yìn tì, Dísù sì ti sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ti ìránṣọ. Ibẹ̀ ló jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó bá Ikram jà, tó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan, nígbà tí Hùmúàní wọlé. Balbriggan ló ti ń bọ̀. Ó sábà máa ń wọ réluwéè lọ síbẹ̀ láti lọ wẹ Khalifa, ọmọ Ikram. Ó jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn tó lọ sókè, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Ìyá Ikram, ṣé ìwọ náà rí i?" ni Dísù wí. "Balbriggan tí wọ́n ń pè nílé yẹn, abà ni. Ṣebí àwọn baba wa ní abà? Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ́pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n bí Iléyá bá dé, bí ìjọba bá fẹ́ ka ènìyàn, bí ìbò bá dé, ta ní í jókòó sí abà? Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ibi tí a ti kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ nílẹ̀ yìí, ibẹ̀ nilé."

"Bàbá Ikram, Khalifa ti ń jókòó," ni Hùmúàní wí. "Mo gbé e kalẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì báyìí, ó jókòó. Ẹ ì bá rí i."

"Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù là ń sọ."

"Mo gbọ́ yín. Ilé kan ṣófo nítòsí wọn. Kò ní àtẹ̀gùn bí irú eléyìí."

"Abà," ni Dísù wí, ó sì fi eyín gé òwú.

Hùmúàní di orúnkún mú, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Dísù sì rò pé ó ti gbà pẹ̀lú òun, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn ọkọ máa ń rò.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọn yóò dìbò, lẹ́yìn ìrun Àsárì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan kì í lo bébà fún ìbò. Bí wọ́n ti ń tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ nílé nígbà ìjọba ológun, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Dublin, kí ojú lè rí i kí ẹnu má lè sẹ́ ẹ. Àlàájì Sofiyullah, ará Clondalkin, ló ṣe alága. Ó ní kí Láńrewájú kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá Dísù, ẹ̀gbọ́n wa ni yín, a ò ní rí yín fín," ni Láńrewájú wí. "But ẹ jẹ́ ká sọ truth. Ẹni mélòó ló kù ní Phibsborough? Kí vote wọn wá tó ti gbogbo Balbriggan? E no fair now."

Dísù dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ ilé àti abà. Ó sọ ti mátíràsì, ó sọ ti mítà, ó sọ bí Missis Brennan ṣe ń wúkọ́. Gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ń mi orí, àwọn obìnrin kan ń nu ojú, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un títí gbọ̀ngàn fi ń dún. Àtẹ́wọ́ yìí ló kó sí Dísù lórí.

"Mo ní àbá kan," ló wí. "Ẹ gbé máàpù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má wo ibi tí ẹ ń sùn. Kí oníkálukú lọ dúró síbi tí ilé rẹ̀ wà nínú ọkàn rẹ̀. Ibi tó bá dúró sí lónìí, ibẹ̀ la ó kà á mọ́. Bí Phibsborough ò bá léèyàn, kó parẹ́!"

Láńrewájú wò ó títí. "Bọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

Alága gbé àga mẹ́ta kalẹ̀: ti Balbriggan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti Clondalkin lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ti Phibsborough níwájú. Dísù lọ dúró ti àga rẹ̀, Hùmúàní wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

Láńrewájú ló kọ́kọ́ dìde. Ọ̀dọ̀ Dísù ló gbà lọ tààrà, inú Dísù sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Láńrewájú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Dísù. Lọ́jọ́ tí ibà mú mi, ẹ̀yin lẹ fi mátíràsì sílẹ̀ fún mi tí ẹ sùn sórí ilẹ̀. Mi ò gbàgbé."

Dísù gbé e dìde, wọ́n dì mọ́ra. Láńrewájú nu ojú. Lẹ́yìn náà ó kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì dúró ti àga Balbriggan.

Tọ̀yìbátù, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Balbriggan, ló tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀. "Kóòtù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ nílùú yìí, ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ ò gba kọ́bọ̀." Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gbádébọ̀, ọ̀kan lára ẹni mẹ́fà inú yàrá yẹn, dé, ó fi ẹnu dún bí mítà ṣe máa ń dún kí iná tó kú, òun àti Dísù rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wọ́n. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá. "Uncle, ẹ má bínú o, àwa náà ń kó lọ Clondalkin. Ilé ti wọ́n jù níbí." Dísù ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàdúà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó tò lọ́dọ̀ rẹ̀ gùn ju ìlà èyíkéyìí tó tò rí nínú ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn kí i tán, ó bojú wẹ̀yìn. Hùmúàní nìkan ló rí.

"Ó ku èmi àti ìwọ," ló wí.

Hùmúàní ń fọwọ́ yí okùn báàgì rẹ̀. "Bàbá Ikram, ẹ̀yin lẹ ní kí oníkálukú lọ síbi tí ilé rẹ̀ wà. Mi ò fẹ́ parọ́."

"Hùmúàní." Ó ti pẹ́ tó ti pè é lórúkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, màá sunkún. Ìgbà yẹn dùn. Mo mọ̀, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ kó dùn, àwọn ló tò sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn."

Ó rìn lọ, díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró sẹ́yìn Ikram tó gbé Khalifa dání. Ojú Ikram ti pọ́n. Kò lè wo baba rẹ̀.

Alága wúkọ́. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan pe iye tó kàn án, kí Phibsborough kọ́kọ́ kà nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n.

"Alága, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni Láńrewájú ké. "Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, abeg."

"Rárá," ni Dísù wí. "Ẹ jẹ́ ká kà."

Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́, kò sì fi pamọ́. 

"Ení," ni Dísù wí.

Ó dúró kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n bá ènìyàn nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé náà pa. Lẹ́yìn náà ló gbé àga Phibsborough fúnra rẹ̀, ó gbé e kọjá láàárín gbọ̀ngàn, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Ikram, ó ní kí Hùmúàní jókòó. Òun náà dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Balbriggan bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó kàn wọ́n, Ikram pe tirẹ̀, Hùmúàní pe tirẹ̀. Dísù dákẹ́. Wọ́n ti kà á tán ní Phibsborough.